Àkàrà Tí A Kò Yí Padà

Bíbélì kíkà: Hóséà 7:1–10, 1 Àwọn Ọba 17:8–16

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní oṣù mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ páńkéèkì ni.

Wòlíì Hóséà mọ ilé ìdáná dáadáa. Ní orí keje ìwé rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ààrò, ó sọ̀rọ̀ ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì, ó sọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun tí a pò tí a ń dúró dè kí ó wú. Nígbà tí ó dé ẹsẹ kẹjọ, ó fi Éfráímù wé àkàrà tí wọ́n gbé ka iná tí wọn kò yí padà. Àkàrà ayé ìgbà náà kì í ṣe àkàrà ẹ̀wà tiwa. Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń fi omi pò, tí wọ́n ń tẹ́ pẹlẹbẹ sórí òkúta gbígbóná tàbí sórí ẹ̀yinná. Bí a kò bá tètè yí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò jó di èédú, òkè rẹ̀ yóò sì wà ní tútù. Apá tó jóná kò ṣe é jẹ, apá tí kò jinná kò ṣe é jẹ. Ìyá tó bá ti dín páńkéèkì rí kò nílò kí àlùfáà túmọ̀ ẹsẹ yìí fún un.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí bí a ti ń ṣe é, nítorí àwọn ọmọ wa tó jẹ́ pé inú páálí ni wọ́n ti ń ra ohun gbogbo lónìí. Fùláwà, ẹyin, mílíìkì, iyọ̀ díẹ̀, ṣúgà díẹ̀. Fọ́ọ̀kì la fi ń lù ú títí kóró fùláwà kò ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, kí a fi sílẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí kí fùláwà lè mu omi. Ẹni tó bá kánjú ní ibí yìí, yóò rí i nígbà tí ó bá ń já lórí iná. Páànù gbọ́dọ̀ gbóná kí òróró tó kàn án, òróró náà kò sì gbọdọ̀ pọ̀, nítorí a kò din dòdò. Bí a bá ti dà á, kí a dúró. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́wẹ́, tí etí rẹ̀ sì ń gbẹ, àsìkò ti tó láti yí i nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń bàjẹ́. Kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ èyí, àní ẹni tó ti ń dín in fún ogún ọdún; páànù náà ni kò tíì mọ iná rẹ̀.

Àwa tí a ń kọ èyí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà. Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ni a gbà, ẹfun àti pátákó ni a sì fi jẹun fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá ti fi bírò pupa máàkì ìwé ọmọ fún irú ọdún bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí yóò rí tí kò ní fún ní máàkì: ìwàásù, gèlè wíwé, ọbẹ̀ ìyàwó ọmọ. A jẹ́wọ́ rẹ̀. Páńkéèkì sì wà nínú ohun tí a fẹ́ràn jù láti fún ní máàkì. Nígbà tí a lọ bá ọmọ wa tọ́jú ìkókó ní Lọ́ńdọ̀nù, a jẹ tiwọn níbẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ bí aṣọ léèsì. Wọ́n a fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n a wọ́n ṣúgà sí i, wọ́n a sì ká a bí ẹní. A fún un ní 8 nínú 10. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń jẹ nípọn, ó sì rí bí tìmùtìmù, nítorí bekin páúdà tí wọ́n ń fi sí i. Wọ́n a tò ó lé ara wọn ní mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n a wá da omi dídùn igi maple lé e lórí. Nǹkan bíi lítà 40 omi igi náà ni wọ́n ń sè kí ó tó di lítà kan, ẹ ò rí i pé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. A fún un ní 7, nítorí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún.

Ilé oúnjẹ ńlá kan tún wà ní Èkó tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n gbé páńkéèkì wá nínú àwo funfun, wọ́n ká aṣọ ìnuwọ́ bí òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ọ̀bẹ kàn án, àárín rẹ̀ ṣì ń ṣomi. Owó tí wọ́n gbà lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀. A fún wọn ní 4. Ti ilé wa, tí a gé àlùbọ́sà àti ata wẹ́wẹ́ sí, tí nọ́tímẹ́ẹ̀gì sì ń ta sánsán nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé, 9 ni. A kì í fún ẹnikẹ́ni ní 10. Olùkọ́ àtijọ́ mọ ìdí rẹ̀.

Nísinsin yìí, kí ni páńkéèkì ń ṣe nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú ni ọjọ́ páńkéèkì. Láyé àtijọ́, àwọn onígbàgbọ́ kì í jẹ ẹran nínú ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì, wọn kì í sì í jẹ ẹyin, mílíìkì tàbí bọ́tà. Nítorí náà, bí Lẹ́ńtì bá ti ku ọ̀la, àwọn ìyá a kó èyí tó ṣẹ́ kù nílé sínú fùláwà kí ó má baà bàjẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ń lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn níwájú àlùfáà. Láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n ń lò fún ìjẹ́wọ́ àti ìdáríjì yẹn, shrive, ni orúkọ Shrove Tuesday ti jáde. Ẹ rí i pé páńkéèkì àti ìjẹ́wọ́ jọ rìn ni. Baba wa John Wesley pẹ̀lú kò fi ààwẹ̀ ṣeré. Nígbà tí ó wà ní Oxford, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń gbààwẹ̀ títí di ọ̀sán.

Ìlú kékeré kan wà ní Buckinghamshire tí ń jẹ́ Olney. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ní ọdún 1445, obìnrin kan ń dín páńkéèkì lọ́wọ́ nígbà tí ó gbọ́ agogo ìjẹ́wọ́. Ó rò pé òun ti pẹ́, ó sì sáré lọ sí ilé ìsìn pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù lára àti páànù lọ́wọ́. Títí di òní, àwọn obìnrin ìlú náà ń sá eré yẹn ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, láti ọjà dé ilé ìsìn St Peter àti St Paul, yáàdì 415, épírọ́ọ̀nù lára, ìborí lórí, páńkéèkì nínú páànù. Láti ọdún 1950, àwọn obìnrin ìlú Liberal ní Kansas, ní Amẹ́ríkà, náà ń sá tiwọn ní ọjọ́ kan náà, wọn a sì fi aago wo ìlú tí ó yára jù. Bí wọ́n bá sáré tán ní Olney, ìsìn ni wọ́n ń wọlé lọ ṣe.

Ní Olney yìí kan náà ni John Newton ti ṣe àlùfáà láti ọdún 1764 sí 1780. Ibẹ̀ ni ó ti kọ orin Amazing Grace fún ìsìn ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1773. Gbogbo wa la mọ orin náà. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé oúnjẹ ọwọ́ àwọn ènìyàn wa ni ó gba Newton là lọ́wọ́ ebi. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó oníṣòwò ẹrú kan ní erékùṣù kan létí òkun Sierra Leone. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀, wọn kò kà á sí nínú ilé náà, ebi sì ń pa á. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1764 pé àwọn ẹrú tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún òun, láti inú ìwọ̀nba kékeré tí wọ́n ń fún wọn. Ẹ fojú inú wo ìyẹn. Ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ń bu òkèlè fún ẹni tí ó wà lómìnira.

Ní 1748, ìjì líle kọlu ọkọ̀ Newton lójú òkun, ó sì ké pe Ọlọ́run. A lè pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ tí a gbé e ka iná. Ṣùgbọ́n láàárín 1750 sí 1754, ìgbà mẹ́ta ni ó ṣe ọ̀gá ọkọ̀ tí ń kó ẹrú. Ó ń gbàdúrà lókè, àwọn ènìyàn wà nínú ẹ̀wọ̀n nísàlẹ̀. Àwọn tí ó jọ àwọn tó bọ́ ọ ni. Ìgbà tí ó di ọdún 1788 ni ó tó kọ̀wé ní gbangba lòdì sí òwò náà, tí ó sì jẹ́wọ́ ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 34 ti kọjá lẹ́yìn ìrìn-àjò rẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ó rí ọdún 1807 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà, òpin ọdún yẹn ni ó sì kú. Ẹ̀gbẹ́ kan jinná ní kíá, èkejì pẹ́ lórí iná kí ó tó jinná.

Gbogbo ìtàn yìí ni a sọ fún ẹgbẹ́ wa ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú gbọ̀ngàn ìjọ, nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe ọjọ́ páńkéèkì tiwa. A sọ ọ́ dáadáa. Àwọn ènìyàn ń mi orí. Lẹ́yìn náà ni a mú ìwé eléèkì jáde, kí a lè fún àwọn páńkéèkì tí oníkálukú gbé wá láti ilé ní máàkì: ojú rẹ̀ 3, rírọ̀ rẹ̀ 3, adùn rẹ̀ 4. Ó dùn mọ́ wa nínú. Àwọn ìyá ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó gba 8 dìde jó.

A wá dé orí àwo ìyàwó kan tí kò tíì pé ọdún kan láàárín wa. Páńkéèkì rẹ̀ funfun, ó le, ó sì já níhìn-ín lọ́hùn-ún. A kàn án, a wo ara wa. A kọ 2 sílẹ̀, a sì kà á sókè. Kò tán síbẹ̀. A ní, “Ìyàwó wa, ṣé páńkéèkì lèyí ni àbí láfún?” Gbọ̀ngàn pa ẹ̀rín tú. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣé o, ẹ̀yin màmá, ó sì gbé àwo rẹ̀.

A kò rí i ní gbogbo Lẹ́ńtì. Ọjọ́ Ẹtì Rere kọjá, Àjíǹde kọjá. Ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe: a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí ọwọ́ wọn ń dẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, a sì ń gbàdúrà fún un ní ìpàdé, pé kí Olúwa rọ ọkàn rẹ̀ padà. Àdúrà gbígbóná ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde, àwa mẹ́ta lọ wò ó. Ó gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Kí a tó jókòó dáadáa, ó ti wọlé lọ, a sì gbóòórùn òróró. Ọ̀kan nínú wa dìde lọ bá a kí ó má ṣe wàhálà, ìgbà náà ni a rí ilé ìdáná rẹ̀. Sítóòfù olówùú kan ni, òwú rẹ̀ ti kúrú, iná rẹ̀ ń jó níhà kan. Páànù náà kò ní ọwọ́ mọ́, àkísà ni ó fi dì í mú. Kọ́ọ̀bù fùláwà kan wà nínú ọ̀rá. Kò sí ẹyin. Kò sí mílíìkì. Omi àti iyọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ kò rí owó oṣù gbà láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí kò sí ẹni tí ó bi í. Fùláwà tí ó fi ṣe páńkéèkì tí a fún ní 2 ní ọjọ́ yẹn, èyí tí ì bá fi ṣe oúnjẹ òwúrọ̀ ọ̀la fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ni. Ó gbé e wá nítorí a ní kí ẹnikẹ́ni má wá lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ padà sí Bíbélì kejì tí a kà. Opó Sáréfátì ń ṣa igi méjì kí òun àti ọmọ rẹ̀ lè jẹ èyí tó kù kí wọ́n sì kú. Èlíjà ní kí ó kọ́kọ́ ṣe àkàrà kékeré kan fún òun. Ó ṣe é. A kò rí i kà níbikíbi pé wòlíì wo ojú àkàrà náà bóyá ó pọ́n, tàbí pé ó bi í léèrè bí ó ṣe le. Ó jẹ ẹ́.

Ìyàwó wa gbé páńkéèkì náà wá fún wa nínú àwo mẹ́ta. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ sọ pé a ti yó, ṣùgbọ́n àgbà tó wà láàárín wa fojú kọ̀ fún un. Ó mọ̀ pé bí a bá kọ̀ ọ́, a ó tún fún ìyàwó náà ní máàkì míràn tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. A jẹ díẹ̀, a sì pe àwọn ọmọ náà wá bá wa jẹ. Ó le, bẹ́ẹ̀ ni. A gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, àgbà níwájú ọmọdé. Ó sunkún díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin màmá, kì í ṣe máàkì yẹn ló dùn mí. Mo mọ̀ pé kò dùn. Ẹ̀rín yẹn ni. Mo wá rò ó pé bí n bá padà wá, wọ́n á tún ní kí n gbé nǹkan dání.”

Nígbà tí a délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, a ṣí Númérì orí kọkànlá. Ọlọ́run rọ mánà fún Ísírẹ́lì láti ọ̀run wá. Wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń gún un, wọ́n ń fi ṣe àkàrà, ó sì ń dùn bí ohun tí a fi òróró titun ṣe. Àwọn náà fún un ní máàkì. Wọ́n ní ẹja Íjíbítì dùn jù ú lọ, wọ́n dárúkọ àlùbọ́sà àti bàrà. Ìtẹ́lọ́rùn kò sí lẹ́nu wọn. A ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì Bíbélì láìmọye ìgbà, a kò sì mọ̀ pé a wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Hóséà pàápàá wí ní ẹsẹ kẹsàn-án, pé ewú ti yọ lórí Éfráímù, kò sì mọ̀. Ewú wa ti yọ tipẹ́.

A kò wí pé kí a má mọ adùn oúnjẹ. Ọlọ́run ni ó fi ahọ́n sí wa lẹ́nu. Ìyá tí ń dín páńkéèkì tà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, bí òróró rẹ̀ bá ti kan, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un, kí ọjà rẹ̀ má baà kú. Ṣùgbọ́n kí ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sọ fún un. A sì tún ń sọ pé ilé oúnjẹ Èkó yẹn kò tọ́ sí ju 4 lọ. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wa ni wọ́n. Ẹni tó fún wa láti inú àìní rẹ̀, kí ni a fẹ́ fi bírò ṣe níbẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ tí ń kọrin, tí ń gbààwẹ̀, tí ń ka Bíbélì nínú wa ti jinná, bóyá ó tilẹ̀ ti ń jóná. Ẹnu wa ni ó wà lókè tí kò tíì kan iná.

Ìgbìmọ̀ pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. A pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé yẹn, a sì wo àwọn orúkọ yòókù tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú míràn. Méjì nínú wọn, a rí i pé owó ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n wá. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í gbé oúnjẹ wá láti ilé ní ọjọ́ páńkéèkì. Nínú owó ẹgbẹ́ ni a ti ń ra fùláwà, ẹyin àti mílíìkì, a ó sì dín in pọ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, nínú páànù kan náà, kí a tó wọlé lọ jẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run. Ìgbìmọ̀ tún yan obìnrin méjì tí wọ́n ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ wo ilé àwọn tí a kò bá rí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ wa.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Lẹ́ńtì èyí tó kọjá, ìyàwó wa yìí ni ó wà nídìí páànù. Ọkọ rẹ̀ ti ríṣẹ́ míràn, a dúpẹ́. Ó ti mọ ọ̀nà rẹ̀ báyìí. Ó ń dúró kí ojú rẹ̀ hó kí ó tó yí i, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ti àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ páànù, ó já sí méjì, bí ó ti máa ń rí. Ó wo inú páànù, ó wò wá, ó bu ú sínú àwo, ó ní, “Màmá tísà, tiyín rèé.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. A gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jẹ ẹ́ tán.